Ìṣòro Kì Í Bí Olórí, Àyè Ló Ń Ṣí Sílẹ̀

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ọjọ́ méjì péré ni àwọn ọ̀dọ́ Nepal, orílẹ̀-èdè kan ní ilẹ̀ Éṣíà, fi lé ìjọba wọn lọ. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló dá iná náà: ó ti ìkànnì ayélujára 26 pa lẹ́ẹ̀kan náà, Facebook àti YouTube wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n inú ti ń bí àwọn èèyàn tipẹ́ sí àwọn olóṣèlú tó ń kówó jẹ, tí ọmọ wọn sì ń fi ọlá yan fanda lójú ayé. Lọ́jọ́ kẹjọ oṣù náà, ọlọ́pàá yìnbọn, èèyàn 19 kú. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti ń jó, K. P. Sharma Oli tó jẹ́ olórí ìjọba sì ti kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Ó wá ku ta ni yóò jókòó. Àwọn ọ̀dọ́ náà lọ kóra jọ sórí Discord, ìkànnì tí àwọn tó ń fi géèmù ṣeré fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n jiyàn, wọ́n dárúkọ èyí, wọ́n yọ tọ̀hún, wọ́n dìbò. Ẹni tí wọ́n mú jáde ti tó ìyá àgbà fún ọ̀pọ̀ nínú wọn: Sushila Karki, ẹni ọdún 73, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè náà. Lọ́jọ́ kejìlá oṣù Kẹsàn-án, wọ́n búra fún un gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba fìdí-hẹ.

Ẹ jẹ́ ká wo ìyá yìí dáadáa. Ó wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́lé nígbà tí Nepal ń jà fún ìjọba alágbádá ní 1990. Nígbà tó dé orí àga ìdájọ́, ó wà nínú àwọn adájọ́ tó dá mínísítà tó ṣì wà nípò lẹ́bi ìwà ìjẹkújẹ. Ní 2017, àwọn aṣòfin gbìyànjú láti yọ ọ́ nípò, wọn ò rí i ṣe. Gbogbo èyí ti wà nílẹ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dìbò fún un tó gba káàdì ìdìbò. Ẹgbẹ́ tó ṣètò ìpàdé orí Discord yẹn náà, Hami Nepal, iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kó máa gbé ìrànwọ́ lọ fún àwọn tí àjálù bá.

Láàárín oṣù kan náà, irú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní Madagascar, ó sì parí síbòmíràn. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọ̀dọ́ tú jáde sígboro Antananarivo, olú ìlú wọn, nítorí pé omi ò yọ, iná ò tàn. Wọn ò ní olórí. Lọ́jọ́ kọkànlá oṣù Kẹwàá, ikọ̀ ọmọ ogun kan tí wọ́n ń pè ní CAPSAT ní àwọn ò ní yìnbọn fún ọmọ ìlú mọ́, wọ́n sì bọ́ sẹ́yìn àwọn ọ̀dọ́. Ààrẹ Andry Rajoelina sá lọ. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, wọ́n búra fún Kọ́nẹ́ẹ̀lì Michael Randrianirina láti inú ikọ̀ yẹn gẹ́gẹ́ bí ààrẹ. Rajoelina tí wọ́n lé lọ yìí náà, ní 2009, CAPSAT ló gbé e dépò.

Ìyà kan náà, ọjọ́ orí kan náà, ìbínú kan náà. Orílẹ̀-èdè kan rí adájọ́ àgbà, èkejì rí sọ́jà.

Mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí gbólóhùn kan tó ń lọ káàkiri nílé ní Nàìjíríà báyìí bí ìdìbò 2027 ṣe ń sún mọ́lé. Ẹ ó gbọ́ ọ lórí rédíò, ẹ ó gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ akérò: pé nǹkan ti le débi tí olórí gidi kan máa fi dìde ṣáá ni, pé ìṣòro ló ń bí olórí. Àwọn kan á ta kò ó pé rárá, àkúnlẹ̀yàn ni, orí ẹni ló ń múni jọba. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù náà ti fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́ láti ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, apá kan ní ẹni ńlá ló ń yí ìgbà padà, apá kejì ní ìgbà ló ń mọ ẹni ńlá. Mi ò rò pé ìkankan nínú wọn gba ọ̀rọ̀ náà tán. Ohun tí mo rí ni pé ìṣòro máa ń ṣí àyè sílẹ̀. Ẹni tó ti múra tẹ́lẹ̀ tó sì wà nítòsí ló máa ń bọ́ sínú àyè yẹn, yálà ìwé ẹ̀jọ́ ló fi múra ni o, tàbí ìbọn.

Àwa náà rí i ní 2020. Nígbà ìwọ́de EndSARS, àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn ò ní olórí, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá jáde gẹ́gẹ́ bí olórí ìwọ́de, ìjọba á rà á tàbí kó tì í mọ́lé. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá, Báńkì Àpapọ̀ ti gba àṣẹ ilé ẹjọ́ láti ti àkáǹtì 20 pa, tí wọ́n sọ pé ó jẹ mọ́ ìwọ́de náà. Ẹni tó bá ní kí wọ́n yan olórí nígbà yẹn, ẹni tí wọ́n máa mú ló ní kí wọ́n yàn.

Síbẹ̀, iṣẹ́ olórí ò dúró. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ ra omi àti oúnjẹ, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wá lọ́yà fún àwọn tí ọlọ́pàá kó, ẹnìkan gbọ́dọ̀ sanwó ọsibítù. Feminist Coalition ló gbé apá tó wúwo jù nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún náà. Owó tó wọlé fún wọn lé ní mílíọ̀nù 147 náírà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé àkọsílẹ̀ jáde lórí Twitter: iye tó wọlé, iye tó jáde, ohun tí wọ́n fi ṣe. Nígbà tí wọ́n dí ọ̀nà báńkì mọ́ wọn, wọ́n yí sí Bitcoin, owó orí ayélujára tí kò gba ọ̀nà báńkì. Èèyàn lè rò pé iṣẹ́ ìyanu ni, àfi kó rántí pé Odunayo Eweniyi, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ti wà nínú àwọn tó dá PiggyVest, ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn fi owó pamọ́ lórí ayélujára, sílẹ̀ láti 2016. Owó olówó ló ń tọ́jú fún odidi ọdún mẹ́rin. Ó mọ ohun tí èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rò bí kò bá rí ibi tí kọ́bọ̀ rẹ̀ wọlé sí.

Lẹ́yìn ìbọn Lẹ́kkí lọ́jọ́ ogún oṣù Kẹwàá, ẹgbẹ́ náà ní kí àwọn èèyàn má dá owó mọ́, kí wọ́n sì jókòó sílé. Kò sí ẹlòmíràn tó lè bá ìjọba jókòó lórúkọ gbogbo wọn. Ohun tí àìní olórí gbà lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

Abẹ́òkúta ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn sí mi jù lọ. Ọ̀pọ̀ wa mọ̀ pé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lé Aláké lórí oyè. Ohun tí kò tó nǹkan nínú ìtàn bí a ṣe ń sọ ọ́ ni ọdún tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ṣáájú rẹ̀.

Wọ́n bí i ní 1900. Ó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Abeokuta Grammar School ní 1914, ó lọ kàwé ní Ìlú Ọba ní 1919, ó padà dé ní 1922, ó sì ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ní 1932, ó kó àwọn obìnrin jọ sínú ẹgbẹ́ kan, Abeokuta Ladies' Club. Ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó ọ̀mọ̀wé ni: wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní oúnjẹ sísè àti aṣọ ríran, wọ́n ń jókòó ní ìjókòó ìyá ààfin. Bí ẹnikẹ́ni bá kọjá níwájú wọn nígbà yẹn, kò ní rí olórí ìjàngbara kankan níbẹ̀.

Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìlú gbóná mọ́ àwọn obìnrin ọjà. Láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin l'Ábẹ́òkúta. Àwọn agbowó-orí á dá àwọn ọmọbìnrin dúró lójú pópó, wọ́n á tú wọn láṣọ láti wò bóyá wọ́n ti dàgbà tó ẹni tó ń sanwó orí. Ogun tún mú ìpín tiẹ̀ wá: àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ń gbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì àwọn obìnrin lọ́jà, wọ́n ní ti ìjọba ni.

Àwọn obìnrin ọjà yìí ò lọ sọ́dọ̀ ìyá náà lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ṣe olórí àwọn. Ìwé kíkà ló kọ́kọ́ gbé wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ ọ́n kà. Ó ṣí kíláàsì fún wọn. Níbi tó ti ń kọ́ wọn ní a-b-d ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìrẹsì. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ, wọn ò dá a lóhùn, ó gbé e lọ sínú ìwé ìròyìn. Wọ́n dẹ́kun ìrẹsì gbígbà. Láti ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti mọ̀ pé obìnrin kan wà tí ọ̀rọ̀ lè dọ́wọ́ rẹ̀ kó má kú síbẹ̀.

Ní 1946, ẹgbẹ́ náà yí orúkọ padà sí Abeokuta Women's Union, ó di ti gbogbo obìnrin. Ìyá náà bọ́ kaba òyìnbó kúrò lọ́rùn, ó ń ró ìró, ó ń wé gèlè. Yorùbá ló ń sọ níwájú gbogbo èèyàn, bí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó bá wà ńbẹ̀, kó lọ wá ògbufọ̀. Nígbà tí ìjọba kọ̀ láti fún wọn ní ìwé àṣẹ ìwọ́de, wọ́n ní píkíníìkì làwọn ń lọ. Ó kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe fi aṣọ bo imú àti ojú bí ọlọ́pàá bá ju tajútajú, bí wọn yóò ṣe he agolo rẹ̀ nílẹ̀ tí wọn yóò sì jù ú padà sọ́dọ̀ ẹni tó jù ú. Ẹ fojú inú wo àwọn ìyá tó ń ta gàrí àti elùbọ́, tí wọ́n jókòó sí ọgbà ilé olùkọ́, tí wọ́n ń fi agolo dánra wò.

Ní oṣù Kọkànlá 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló kún iwájú ààfin. Wọ́n padà lọ ní oṣù Kejìlá, wọ́n sùn síbẹ̀. Ní 1948, ìjọba dá owó orí obìnrin dúró. Ní oṣù Kìíní 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá kúrò lórí oyè, ó di ìgbèkùn, ìparí 1950 ló tó padà.

Tí kò bá sí ìrẹsì àti owó orí, ó ṣeé ṣe kí a mọ ìyá yìí gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ rere kan tó ní ẹgbẹ́ aṣọ ríran. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyà tó jẹ obìnrin Ẹ̀gbá ti bẹ̀rẹ̀ láti 1918, ó sì tó ọdún mẹ́jọdínlọ́gbọ̀n kí ẹgbẹ́ tó lè gbé e tó dúró. Bí ìṣòro bá ń bí olórí lóòótọ́, oyún yẹn pẹ́ o. Ohun tó yí padà láàárín ni pé kíláàsì kan wà tí obìnrin onírẹsì àti obìnrin ọ̀mọ̀wé ti pàdé.

Nígbà tí ìnira yẹn kọjá, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ó fẹ́ lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kò wọlé. Ní 1959, ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC tó ti ń bá ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá kọ̀ láti fà á kalẹ̀, ó dá dúró fúnra rẹ̀, kò wọlé. Ìlú tó tú jáde tẹ̀lé e lọ sí ààfin ò rán an lọ sílé ìgbìmọ̀. Irú olórí tí ìnira ń fà jáde àti irú èyí tí àpótí ìbò ń fà jáde máa ń yàtọ̀ síra, mi ò sì dá ìlú lẹ́bi pátápátá, nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń mú orúkọ wá, ìlú kàn ń tẹ̀ka ni.

Ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí á mú ọ̀rọ̀ Àgbẹ̀kọ̀yà wá, ó sì lẹ́tọ̀ọ́. Tafá Adéoyè, àgbẹ̀ láti Àkànrán lẹ́bàá Ìbàdàn, kò lọ sí Ìlú Ọba, kò dá ẹgbẹ́ aṣọ ríran sílẹ̀. Owó kòkó tó ń lọ sílẹ̀ àti owó orí tó ń lọ sókè ló gbé òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dìde ní 1968. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni wọ́n láwọn máa san, kò gbọdọ̀ lé kọ́bọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 1969, wọ́n já ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n kó àwọn èèyàn wọn jáde. Ìjọba Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ ò rí wọn mú, ó di dandan kí Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ìṣúná fún gbogbo Nàìjíríà nígbà yẹn, tọ Tafá lọ sí Àkànrán kí wọ́n tó lè jókòó sọ̀rọ̀. Owó orí bọ́ sí pọ́n-ùn méjì.

Àgbẹ̀ lásán ni, ìyà ló sì sọ ọ́ di olórí: òótọ́ ni, títí dé ààyè kan. Ní nǹkan bí 1950, nígbà tí ìjọba ń gé igi kòkó wọn nítorí àrùn, àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn ti ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Máyégún. Ìpàdé abúlé, ìmùlẹ̀, ọdẹ tó mọ igbó bí ẹni mọ ilé, gbogbo rẹ̀ ti wà lábẹ́ kòkó fún nǹkan bí ogún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Tafá. Bákan náà ni Ògèdèǹgbé tó ṣe ọ̀gágun Èkìtìparapọ̀ nínú ogun Kírìjì: Ìbàdàn ti mú un nígbèkùn rí, ó ti gbé láàárín wọn, ọwọ́ wọn ló ti kọ́ ogun tó padà wá gbé kò wọ́n lójú.

Irú olórí mìíràn tún wà tí kò ní ọmọ ẹ̀yìn kankan. Lọ́jọ́ ogún oṣù Keje 2014, Patrick Sawyer gúnlẹ̀ sí Èkó láti Liberia pẹ̀lú àrùn Ebola lára. Àwọn dókítà ìjọba wà nínú ìyanṣẹ́lódì, ni wọ́n bá gbé e lọ sí ọsibítù aládàáni kan l'Óbáléńdé. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh wò ó, ó fura, ó ní kò ní jáde. Ọkùnrin náà ní òun ń lọ sí ìpàdé ECOWAS ní Calabar; àwọn aṣojú Liberia ń pè, wọ́n ń halẹ̀. Ìyá náà ò gbà. Èèyàn mẹ́jọ ló bá àrùn náà lọ ní gbogbo Nàìjíríà, òun gan-an wà nínú wọn. Ó kú lọ́jọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹjọ, ní oṣù Kẹwàá àjọ elétò ìlera àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò nílẹ̀ wa. Ní 2012, obìnrin yìí kan náà ló ta ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba lólobó nípa àrùn ibà ẹlẹ́dẹ̀, H1N1, ní Nàìjíríà. Ojú rẹ̀ ti là sí ohun àjèjì. Bó bá jẹ́ dókítà tó ń kánjú ni Sawyer bá pàdé, ọjọ́ kan náà, ìṣòro kan náà, ìbà lásán ni wọn ì bá kọ sílẹ̀ fún un.

Olórí tí ìnira bá sì gbé dépò ní àléébù kan tí a kì í fẹ́ sọ: ìgbà ìnira nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ìbàdàn jẹ ìyà èyí rí. Ibùdó ogun ni ìlú náà ní nǹkan bí 1829, lẹ́yìn tí Òwu tú. Ọmọ Ifẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹni tó bá lè jà tó sì lè bọ́ àwọn tó tẹ̀lé e ni ọ̀gá. Ìlú tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń ṣàkóso, ogun ló ń jẹ. Nígbà tí Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, fi máa kó wọn wọ Kírìjì ní 1877, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí aládùúgbò tí wọn ò bá jà rí. Látòósà kú sí ibùdó ogun ní 1885, ogun ò tíì parí.

Ṣùgbọ́n Ìbàdàn náà ló ṣe ohun tí mi ò tíì rí kí orílẹ̀-èdè wa ṣe. Ó sọ ipò di àkàbà. Ọmọ kì í jogún oyè baba. Èèyàn á ti Mógàjí bẹ̀rẹ̀, á bọ́ sí Jagun, á máa gun òkè díẹ̀díẹ̀ ní ìlà Ọ̀tún tàbí ìlà Balógun, ìgbésẹ̀ tó lé ní ogún, títí yóò fi di Olúbàdàn. Ọba Rashidi Ladọja tó gorí oyè lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án 2025 ti jẹ Jagun láti 1993. Láàárín ìyẹn ló ṣe gómìnà, tí wọ́n yọ ọ́ ní oṣù Kìíní 2006, tí ilé ẹjọ́ dá a padà kí ọdún náà tó tán. Àkàbà náà ń gun lọ ní tiẹ̀. Ó ní ohun tó ń ná ìlú o: ẹni ọdún 81 ni Ladọja dé adé, Ọba Ọlákùlẹ́hìn tó ṣáájú rẹ̀ dé e ní ẹni ọdún 89, ọdún kan ló lò.

Nínú ìjọba alágbádá, ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kó jẹ́ àkàbà yẹn. 774 ni wọ́n. Ibẹ̀ ló yẹ kí kánsílọ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pín owó kékeré, bí wọ́n ṣe ń gba èébú nítorí gọ́tà, bí wọ́n ṣe ń pàdánù ìbò tí wọ́n sì ń lọ sílé. Lọ́jọ́ kọkànlá oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé gómìnà ò lẹ́tọ̀ọ́ láti di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú, kò sì lè fi ìgbìmọ̀ fìdí-hẹ rọ́pò àwọn tí ará ìlú dìbò yàn. Ìdájọ́ dára. Ẹ wá wo ìdìbò kánsù tí àjọ ìpínlẹ̀ ń ṣe: ẹgbẹ́ gómìnà ló sábà máa ń kó gbogbo rẹ̀ tán, láti alága dé kánsílọ̀ tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí olórí ọ̀la ti ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kó lọ sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, kó béèrè ẹni tó jẹ́ kánsílọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ̀, àti ìgbà tí ẹni náà bá ará wọ́ọ̀dù ṣèpàdé gbẹ̀yìn.